Ta Ló Ni Àbùkù Ẹ̀rọ Àlòkù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo fẹ́ fi ọ̀ràn kan tó jẹ mọ́ òwe yìí lọ ẹ̀yin òǹkàwé wa lóṣù yìí, nítorí pé ó ti da àárín àwọn ọ̀rẹ́ rú lójú mi, ó sì ti sọ ọmọkùnrin kan di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Bí ẹnì kan bá ta ẹ̀rọ àtijọ́ fún ẹnì kejì, tí àbùkù sì wà nínú ẹ̀rọ náà, ta ló ni àbùkù yẹn? Ṣé ẹni tó tà á ni, tó mọ̀ ọ́n tí kò sọ? Àbí ẹni tó rà á, tó ní ojú méjèèjì tí kò fi wò ó dáadáa? Bó bá wá jẹ́ pé olùrà ló gbọ́n ju ẹni tó ń tà á lọ ńkọ́, tó rí iyì tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kò rí? Ẹ má tíì dáhùn ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀ràn náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá gba títì Ṣágámù jáde kúrò ní Ìkòròdú yóò kan Odógunyán. Ibẹ̀ ni Industrial Estate Ìkòròdú wà, tí àwa ará àdúgbò ń pè ní Ẹ́sítéètì lásán. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé láàárín ọdún 1970 sí 1980, ẹ̀rọ tuntun ni àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ yìí ń kó wọlé láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gbé náírà lọ sí ọjà pàṣípààrọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, dọ́là kan tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ fò kọjá náírà mẹ́rin lójijì. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ tuntun ti di ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń wò lókèèrè. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023: dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ̀rọ tuntun ṣe ń wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń kógbá sílé, pàápàá jù lọ àwọn tó ń hun aṣọ.

Bí ilé-iṣẹ́ bá ti kógbá sílé, ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbà jáde. Ó lè bọ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò tún un ṣe, tí yóò sì fi jẹun fún ogún ọdún mìíràn. Ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníkọ̀ndẹ́mù, tí yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, tí yóò san owó rẹ̀ ní kílò kílò, tí yóò sì kó o lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin àlòkù ní Odógunyán níbẹ̀ tàbí ní Ògìjó. Ẹ̀rọ kan náà ni o. Ọ̀kan yóò wọ ṣọ́ọ̀bù, èkejì yóò wọ iná. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì ló ń jèrè, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ló ń pàdánù. Ibi tí èké ti ń rí àyè wọlé nìyẹn.

Iṣẹ́ tánà ni mo kọ́. Léètì ni ẹ̀rọ wa: òun ló ń yí irin bíríbírí kí ọ̀bẹ lè máa fá a títí yóò fi rí bí a ti fẹ́. Bí ẹ̀rọ ata bá jẹ búùṣì rẹ̀, tí ọ̀pá ẹ̀rọ gààrí bá tẹ̀, tí ọ̀pá tí ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ojú omi bá kán mọ́ àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Léètì tó gùn ju mítà méjì lọ lè wọn ju tọ́ọ̀nù kan lọ, bẹ́ẹ̀ tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, àpò sìmẹ́ǹtì 20 ni. Nítorí pé ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ náà, àwọn ènìyàn a máa wá bá mi pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fojú wò ó ká tó sanwó." Ohun tí mo ti rí lẹ́nu ìrìn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọmọkùnrin kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ó ti dá àjọ fún ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ sì yá owó lé e lórí nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni tẹ̀lé e. Ó ra léètì kan tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, tó ń dán bí ewé lẹ́yìn òjò. Wọ́n tàn án, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbé e délé tí iṣẹ́ tó nípọn dé, ó ki ọ̀bẹ bọ irin jinlẹ̀ díẹ̀, ni ọ̀dà bá là níbi tí orí ẹ̀rọ ti jókòó. Ẹnì kan ti fi fílà dí ibi tí irin ti sán tẹ́lẹ̀, irú fílà tí àwọn tí ń lu bọ́dì mọ́tò máa ń lò, ó sì kun ọ̀dà lé e lórí. Irin tí a dà ni orí léètì, irú irin bẹ́ẹ̀ kì í sì í gba jíjó wẹ́rẹ́ bí irin yòókù. Bí alájórin kò bá mọ̀ ọ́n jó dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ ni yóò tún ti là.

Nígbà tí ọmọ náà padà lọ bá ẹni tó tà á, èsì tó gbà ni pé, "Ṣé mo fi aṣọ dì ọ́ lójú ni? Àlòkù lo rà. Bí kò bá ní àbùkù, kí ló dé tí ẹni tó ni ín fi gbé e jáde?"

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òótọ́ ni pé owó àlòkù kéré nítorí pé àbùkù wà nínú rẹ̀. Ẹni tó san owó àlòkù kò lè retí ẹ̀rọ tuntun. Òótọ́ sì ni pé olùrà ní ojú. Gbogbo léètì àtijọ́ ló máa ń jẹ níbì kan náà: ojú irin tí ọ̀bẹ ń gùn lọ gùn bọ̀, ní apá tó sún mọ́ orí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti ń wáyé. Kò le láti mọ̀. Ìwọ mú ìjókòó ọ̀bẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ orí, fún un títí yóò fi máa rìn láìmì, kí o wá tì í lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Bó bá há lọ́nà, o ti mọ bí ẹ̀gbẹ́ orí ti jẹ tó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹni tí kò bá ṣe é, tó wá lọ délé tó ń pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, n kò rò pé a lè bá a dá ẹni tó tà á lẹ́bi.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ọjà títà kan ní ọdún 1893 tí a jogún lọ́wọ́ wọn. Òfin náà ní kí ọjà tí oníṣòwò bá tà jẹ́ èyí tó ṣeé lò, ṣùgbọ́n bí olùrà bá ti yẹ ọjà wò, kò lè rojọ́ nítorí àbùkù tó yẹ kí àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fi hàn án. Ẹ kíyè sí i o: àbùkù tó yẹ kó rí. Òfin kò sọ nípa èyí tí a dìídì bò.

Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn ọkùnrin ọlọ́dà ewé. Ó ní òun kò purọ́, òun kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó kùn ń sọ̀rọ̀. Fílà tó fi dí ojú ọgbẹ́ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wò ó pé, "Ibí yìí pé, ibí yìí le." Irú èyí náà ni ti ẹni tó da ìyẹ̀fun pákó mọ́ ọ́ìlì inú jíà kí ariwo eyín tó ti jẹ má baà jáde. Kò la ẹnu rẹ̀, ó fi ọwọ́ purọ́. Àwọn Mùsùlùmí mọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń ta ọkà, tí Ànọ́bì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà rẹ̀ tó sì bá omi nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Òótọ́ ló sọ, kì í ṣe òun ló rọ òjò. Síbẹ̀ Ànọ́bì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí ojú lè rí i. Òjò kò di ẹ̀bi ọkùnrin náà. Gbígbé tó gbé èyí tó gbẹ bò ó mọ́lẹ̀ ni ẹ̀bi rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin tó sán. Ogbó ló sán an, ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi ogbó. Ẹni tó ra fílà ló jẹ̀bi. Ó tilẹ̀ jọ mí lójú pé irin la fi ń ṣe é. Láyé àtijọ́ títí dòní, ẹni tí kò bá fi Bíbélì tàbí Kùránì búra ní kóòtù wa, irin ni wọ́n ń gbé fún un. Ohun tí a fi ń wá òtítọ́ lẹ́nu ènìyàn la wá ń kun lọ́dà láti fi gba owó ọmọ tálákà.

Ó dáa, a ti bá òǹtajà wí tó. Ẹ jẹ́ ká yíjú sí olùrà, nítorí pé àwa tí à ń rà kì í ṣe áńgẹ́lì.

Ìyá kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ tánà kó tó kú. Léètì ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ páànù, eruku ti bò ó, adìyẹ ń sùn lé e lórí. Àwọn oníkọ̀ndẹ́mù ti wá, wọ́n ti dá iye kílò lé e. Kó tó di pé wọ́n padà wá gbé e, tánà kan láti Ìkòròdú gbọ́, ó sáré lọ síbẹ̀. Ó nu eruku, ó yí i lọ́wọ́, ó rí i pé ẹ̀rọ náà pé pérépéré, ìpata ojú rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ bàbá ẹ. Èló ló yẹ kí n gbà?" Ọmọ náà mi orí, ó ní, "Mama, kọ̀ndẹ́mù ni o. Màá kàn fi díẹ̀ lé iye tí wọ́n pè é." Bó ṣe gbé e lọ nìyẹn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń fò sókè. Ìwé Òwe inú Bíbélì ti mọ irú olùrà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ẹni tí yóò bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà títí yóò fi rà á, tí yóò sì máa yangàn bó bá ti kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan láàárín wa yìn ín. Wọ́n ní ṣebí ó san ju oníkọ̀ndẹ́mù lọ, ṣebí ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé: "Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́, mo sùn sórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Ìmọ̀ tí mo fi ìyà rà, ṣé kí n máa pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Marcus Tullius Cicero, ará Róòmù, kọ ìwé kan nípa ojúṣe ènìyàn ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù. Ó fi oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó kó ọkà láti Alexandria lọ sí erékùṣù Rhodes nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀. Oníṣòwò yìí mọ̀ pé ọkọ̀ ọkà mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn òun, àwọn ará Rhodes kò mọ̀. Ṣé kó sọ fún wọn, kí owó ọkà wálẹ̀, àbí kó dákẹ́, kó tà á lówó gọbọi? Ọ̀mọ̀ràn kan tó ń jẹ́ Antipater ní kó sọ ohun gbogbo. Diogenes ní rárá, pé kí ènìyàn má sọ nǹkan yàtọ̀ sí kó fi nǹkan pa mọ́. Cicero fúnra rẹ̀ ní kó sọ.

Èmi kò le tó Cicero. Bí tánà méjì bá pàdé nídìí ẹ̀rọ kan, tí ọ̀kan rí ohun tí èkejì kò rí, kó dákẹ́ kó jèrè ojú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé ìdíje ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìyá yẹn bi ọmọ náà ti yí ọ̀ràn padà. Nígbà tó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ojú ọmọ náà ló yá lò. Bí kò bá fẹ́ yá a, ẹnu wà láti fi kọ̀. Ì bá ti sọ pé, "Mama, èmi ni mo fẹ́ rà á, n kò lè jẹ́ ẹni tí yóò dá iye lé e fún yín. Ẹ pe ẹlòmíràn kó wá wò ó." Kò ní sọ àṣírí iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rẹ́ opó jẹ. Ṣùgbọ́n ó gbà láti jẹ́ ojú fún un, ó sì fi ojú náà wá ti ara rẹ̀. Èyí kì í ṣe èrè ìmọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń jẹ èrè ọdún mẹ́fà tó fi kọ́ṣẹ́ kò ní láti pe ẹ̀rọ tó pé ní kọ̀ndẹ́mù.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, nítorí pé kò kan owó nìkan. Ẹ̀rọ tí a rà kò tíì délé, a óò gbé e ni.

Ẹni tí kò bá tíì rí i bí a ṣe ń gbé léètì yóò rò pé agbára ni. Ọgbọ́n ni. A ó fi díígà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó ki páìpù bọ abẹ́ rẹ̀, a ó sì máa yí i lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn yóò máa mú páìpù tó jáde, yóò máa gbé e síwájú. Bí a bá fẹ́ fi ṣéènì gbé e sókè, abẹ́ irin rẹ̀ tó gbé gbogbo ara dúró la ń so, a kì í so ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, yóò tẹ̀. A ó ti ìjókòó ọ̀bẹ lọ sí ìdí kí ó lè bá orí dọ́gba, nítorí apá orí ló wúwo jù. Léètì sì wúwo lókè ju ìsàlẹ̀ lọ; bó bá fẹ́ ṣubú, kì í kìlọ̀. Gbogbo ètò wọ̀nyí, láti orí ṣéènì títí dórí okùn tí a fi dì í mọ́ ọkọ̀, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró lé: báwo ni ẹrù yìí ti wúwo tó?

Ọkùnrin kan ra ẹ̀rọ ńlá kan nínú Ẹ́sítéètì láti gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìwé ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí i pé tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ béèrè, tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ ló pè é, kí owó ọkọ̀ lè dínkù. Okùn tó tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ ni wọ́n fi dì í. Wọ́n gba ọ̀nà Ìtóìkín. Ní ibi tí títì ti jìn, ọkọ̀ rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, okùn já, ẹ̀rọ náà fì, ó sì gorí ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó jókòó tì í. Ẹsẹ̀ náà kò ṣeé gbà là.

Nígbà tí wọ́n ń rojọ́, ẹni tó ni ẹ̀rọ ní, "Ṣé awakọ̀ ò lójú ni? Ṣé kò rí i bó ṣe tóbi tó?" Awakọ̀ ní, "Alhaji, ẹrù tí ẹ pè fún mi ni mo dì." Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ojú tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọlọ́dà ewé náà ni: ẹni tó bá ní ojú ló ni àbùkù. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń kọ́? Kò rà, kò tà, kò sí èrè kankan fún un níbẹ̀ ju owó oúnjẹ lọ. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó rí. Òun ló gbé àbùkù náà lọ sílé.

Ohun tí mo kọ́ nínú ọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí. Àwa a máa rò pé irọ́ ọjà jẹ́ ti ẹni méjì, pé bí ọ̀kan bá pàdánù èkejì jèrè, ó parí síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àbùkù tí a kò sọ a máa rìn. A rìn láti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kì í sì í dúró títí yóò fi bá ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù. Irin tó sán kò dúró lọ́dọ̀ ọlọ́dà, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó yáwó ẹgbẹ́. Èké tánà kò dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, inú àpò opó ló ti jáde. Tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ tó sọnù lẹ́nu Alhaji, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló bọ́ lé. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ì bá wù mí kó máa rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọmọdé ló sábà máa ń bá a ru igbá náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ta ló ni àbùkù, èsì mi kò pọ̀. Èyí tí ojú lè rí bó bá wò, olùrà ló ni ín; kó lọ wò ó, bí kò bá mọ̀ ọ́n wò, kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó sì san owó ìrìn rẹ̀. Èyí tí ọwọ́ bò, ẹni tó bò ó ló ni ín títí ayé, bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ ti gba ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá. Ẹni tí a bá fi ọkàn tán, tí a ní kó bá wa wò ó, kó sọ ohun tó rí tàbí kó ní òun kò wò. Ṣùgbọ́n ohun tó lè pa ènìyàn, ìwọ̀n ẹrù, irin tó sán, wáyà iná tó ti bó, ìyẹn kò sí nínú ọjà rárá. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ lórí rẹ̀, bí wọ́n béèrè, bí wọn kò béèrè.

Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ti ní kí ẹni tó bá ń ta ọjà tí a tún ṣe kọ ọ́ síbi tí ojú yóò ti rí i pé títúnṣe ni. Òfin tó dára ni, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè dúró sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí a lè ṣe fúnra wa kò wọ́n: kí a máa kọ àbùkù sínú rìsíìtì. "Léètì kan, ojú rẹ̀ ti jẹ lápá orí, eyín jíà kan ti kán, ó wọn tọ́ọ̀nù méjì." Kí ẹni tó tà á fọwọ́ sí i, kí ẹni tó rà á fọwọ́ sí i, kí awakọ̀ rí i kó tó di ẹrù rẹ̀. Owó lè dínkù díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta ẹ̀rọ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ rẹ̀ kò kùtà: bí ènìyàn bá fẹ́ ra léètì lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í pè mí mọ́ pé kí n wá bá òun fojú wò ó.